Ìdá Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Aago mọ́kànlá òru ní Ìbarà, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.
Mo sáré tan kọ̀ǹpútà kí iná tó yí ọkàn padà.
Àwa márùn-ún la jọ ń lọ sójú ogun:
Ṣótáyọ̀ wà ní Adìgbẹ, onídà-méjì, ọ̀gá ariwo;
Ìbíwùmí wà ní Ọbáńtokò, ọfà oníná ló ń ta;
àwọn ìbejì ilé Dósùnmú ń bẹ ní Kútọ̀,
dátà ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń jẹ.
Èmi ni oníwòsàn.
Mi ò mú idà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lọ́wọ́ mi,
tí mo bá gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń kú lọ á tún kún.

Lápá ọ̀tún ni òṣùwọ̀n wà,
àpótí kékeré tí kì í sùn, tí kì í gbàgbé.
Ó ń ka idà, ó ń ka ọfà,
ó to orúkọ wa bí èsì ìdánwò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ìwé.
Ṣótáyọ̀, ìdá mọ́kànlélógójì.
Ìbíwùmí, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Táyé mẹ́tàlá, Kẹ́yìn mọ́kànlá,
wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí méjì tó wà láàrin.
Méjì tó ṣẹ́kù nínú ọgọ́rùn-ún, èmi ni mo ni ín.

Ṣótáyọ̀ á rẹ́rìn-ín títí etí á fi fẹ́ di:
"Ìdá méjì! Àbí ìyẹ́ adìẹ lo fi ń na ejò ni?"
Ejò olórí méje ni, lábẹ́ àpáta kan
tí mò ń pè ní Olúmọ nínú ọkàn mi,
nítorí abẹ́ rẹ̀ la máa ń sá sí bí ogun bá gbóná.
Mi ò dá a lóhùn.
Ta ló ń ka ikú tí kò pa ni?
Ibo ni wọ́n ń kọ ọgbẹ́ tó jiná kó tó dun ni sí?

Òṣùwọ̀n kejì wà ní yàrá kejì.
Aṣọ rẹ̀ á wú mọ́ apá, á ké fíì, fíì,
á kọ nọ́ńbà kan lé òmíràn lórí.
Ìwé ológójì ewé ni mò ń kọ ọ́ sí.
Ọjọ́ Ajé, 162 lórí 98.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 158 lórí 96.
Ẹ wo ọ̀rọ̀ mi:
níhìn-ín mò ń bẹ ẹ̀jẹ̀ pé kó gòkè,
lọ́hùn-ún mò ń bẹ ẹ̀jẹ̀ pé kó rọra bọ̀ nílẹ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ku orí kan ṣoṣo lọ́rùn ejò.
Ìyá mi kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan:
á pe orúkọ, á pe oríkì,
á ní, "Àbí o ti kú sídìí nǹkan yẹn ni?"
Lẹ́ẹ̀kan ló pè.
Mo ju igi sílẹ̀.
184 lórí 112.
Mo bu omi, mo wá oògùn tó gbàgbé láti lò láàárọ̀,
mo gbé ife sí i lẹ́nu, mo fi páálí fẹ́ ẹ
títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.
154. Ó ní kí n lọ sùn.

Gbogbo wọn ti kú.
Àkọsílẹ̀ ogun tò ó lẹ́sẹẹsẹ:
Kẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹsàn-án, Táyé tẹ̀lé e,
Ìbíwùmí ní ìkẹrìndínlógún.
Ṣótáyọ̀ dá nìkan dúró fún mẹ́ta péré,
òun àti iye rẹ̀ tó ń tàn yanran.
Níwájú orúkọ tèmi: òdo. Òdo. Òdo.
Mo wò ó pẹ́.
Ó rí bí ẹnu ife omi.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣàlàyé. Gbogbo wọn dákẹ́.
Ṣótáyọ̀ ní, "Màmá ńkọ́? Èló ni lónìí?"
Mo ní, "148."
Ó ní, "Ó ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn."
Ó ní òun ti pa òṣùwọ̀n òun dé, pé kò wúlò mọ́.
Irọ́ ni.
Ejò yọjú, mo gbé igi mi sókè,
kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó fi figbe ta:
"Méjìlélógójì! Ẹ wò ó, méjìlélógójì!"