Ètò Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo kọ ọ́ sí.
Bírò náà ń tọ́ ìkẹyìn tàdáwà rẹ̀ wò,
débi pé "omi" tí mo kọ jọ "ọmọ".
Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ò gbọdọ̀ gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀,
kí oòrùn tó ráyè gun orí Olósùnta,
a ó gba ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì sọ̀kalẹ̀
sínú àfonífojì tó la àdúgbò wa sí méjì
bí ilà ojú bàbá mi.

Ibẹ̀ kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe ìgboro.
Tí o bá gbójú sókè, wàá rí páànù ilé
tó yọrí létí àpáta bí eyín àgbà,
wàá gbọ́ jẹnẹrétọ̀, wàá gbọ́ ìyá kan
tó ń pe ọmọ rẹ̀ wá wẹ̀.
Tún rin ogún ìṣísẹ̀ síwájú:
gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́,
á ku omi tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ òkúta.

Ta ló ń lọ?
Èmi. Fàdèkẹ́mi aya mi,
tó ti búra pé ẹrẹ̀ kò ní fojú kan bàtà òun.
Ìréwọlé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ti ya máàpù:
ó ya ejò sí ibi mẹ́ta,
ó gbàgbé láti ya ọ̀nà àbọ̀.
Mọ́repẹ́, tí èémí rẹ̀ máa ń há nígbà ọyẹ́.
Oògùn tó ń fà sẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́,
mo sì fàlà sí i nídìí.

Ẹyin bíbọ̀ mẹ́jọ.
Rárá, mẹ́wàá. Dárámọ́lá ọmọ ilé kejì ti gbọ́,
ẹni tó bá sì ti gbọ́ ti ń lọ nìyẹn.
Gúgúrú. Ẹ̀pà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.
Okùn.
Kí la fẹ́ fi okùn ṣe?
Ìréwọlé ní kí n ṣáà kọ okùn.
Mo kọ okùn.

"Èmi ńkọ́?"
Yèyé ni, láti orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Orúnkún ọ̀tún wọn. Dókítà ní Adó
tó ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn mọ́.
Fàdèkẹ́mi wò mí. Mo wo bírò.
"Yèyé, òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ìborùn fi já bọ́.
"Ṣé ìwọ ni wàá sọ ìyẹn fún mi?
Kí ulé kankan tó wà létí ibẹ̀"
("ulé" ni wọ́n ń wí, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu)
"ibẹ̀ ni mo ń gbé usu gbà bọ̀ láti oko,
oyún rẹ níkùn, òjò lórí,
mi ò ṣubú rí.
Àfi ẹ̀ẹ̀kan."

Wọn ò sọ ti ẹ̀ẹ̀kan náà. Mi ò bèèrè.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ di mẹ́fà, nítorí ẹsẹ̀ wọn.
Odò kékeré ìsàlẹ̀ tí a fẹ́ dé
di òkúta pẹrẹsẹ àkọ́kọ́,
níbi tí ẹni tó ti rẹ̀ lè jókòó
láìsọ pé ó ti rẹ òun.

Ìréwọlé gbé máàpù rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ.
Wọ́n fi itọ́ sí ìka, wọ́n pa ejò méjì rẹ́,
wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀: "Èyí wà ńbẹ̀ lóòótọ́."
Wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ,
wọ́n fa ìlà kan, ó ń gbọ̀n,
láti etí omi títí dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ọjọ́bọ̀ la wà. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Ìlawẹ̀.
Mo fẹ́ fi agbòjò kún un, bírò dá.
Mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.
Tí o bá gbé kàlẹ́ńdà náà sún mọ́ iná,
wàá rí agbòjò níbẹ̀ bí àpá.