Nọ́ọ̀tì Mẹ́rin

Oṣù Kẹta, òjò ò tíì dá lórí òkè Wales.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé ọmọ àgùntàn méje,
ó fi orí ẹnìkan sílẹ̀ lẹ́nu géètì
bí ẹni fi ìwé gbèsè há ilẹ̀kùn.
Èmi Mererid, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
mo sún agolo ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì,
mo ń ka owó.

Ìbọn wà nílẹ̀, ogún Tudur ọkọ mi ni.
Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá wà, orúkọ mi ló wà níbẹ̀.
Ojú ni kò sí.
Ojú tèmi ti ń rí kùrukùru níbi tí ilẹ̀ ti mọ́.

Ọmọdékùnrin ìsọ̀ ìbọn gbé awò kan lé mi lọ́wọ́.
Ará Jámánì ni, ó ní, ó mọ́ gaara.
Owó rẹ̀ tó àgbò mẹ́ta.
Mo ní, "Ọmọ mi, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni mo fẹ́ rí,
n ò fẹ́ ka irun imú rẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àlòkù kan yọ lábẹ́ káńtà,
tó ti ha lára bí orúnkún ọmọ oníjàgídíjàgan.
Awò kì í ṣe àwo, a kì í fi í jẹun.
Bó bá ti fi iwájú hàn mí, ó tó.
Òrùka tí yóò so ó mọ́ ìbọn ńkọ́?
Mo mú èyí tó pọ̀ jù lọ́pọ̀. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án péré.
Inú mi dùn dé ilé.

Ó wá ku ẹsẹ̀.
Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti dojú dé lórí Hefin lọ́dún èṣí,
egungun ìhà rẹ̀ ṣì ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí.
Jíìpù ńlá? Àbàtà wa ò mọ ọlọ́lá, gbígbé ni yóò gbé e mì.
Mo tọ Idwal lọ, nítorí Súsúkì rẹ̀ pupa,
kékeré bí àpótí búrẹ́dì,
okùn ló di ilẹ̀kùn kan mú,
òórùn ajá tutù sì ti di ara àga.
Mo rá wọ abẹ́ rẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó dógùn-ún.
Idwal ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ wò ó sàn?"
A ná an títí tíì fi tutù nínú kọ́ọ̀bù.
Ó gba ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn, àti ẹyin fún oṣù kan.

Òru Ọjọ́bọ̀. Mo pa iná ọkọ̀.
Mo rọ ìrẹsì sínú ìbọ̀sẹ̀ Tudur, mo fi tẹ́ ojú fèrèsé,
mo gbé ìbọn lé e. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.
Ó jáde lẹ́yìn ògiri òkúta, ó dúró gbagidi,
àyà rẹ̀ funfun nínú awò.
Mo mí jáde. Mo fà á.
Òkúta kan fọ́ níwọ̀n apá méjì sí i.
Ó wò mí bí a ti í wo ẹni tó kíni ní òwúrọ̀
lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀,
ó sì rìn lọ. Kò tilẹ̀ sáré.

Ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kan òrùka olówó pọ́ọ́kú náà.
Nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lábẹ́ ìka mi
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Idwal mú sípánà wá. "Ẹ lè ṣahun sí ojú," ó ní,
"ẹ lè ṣahun sí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti so ojú mọ́ ara..."
Ikọ́ gbà á lẹ́nu, kò parí rẹ̀.
Mo lọ ra òrùka gidi. Pọ́n-ùn méjìdínlógójì.
Agolo tòmátì márùn-ún, níwájú bèbè ilẹ̀,
mo lu márùn-ún.

Ní alẹ́ yìí Súsúkì kọ̀, kò dáhùn,
mo tì í nísàlẹ̀ òkè kó tó húkọ́, kó tó jí.
Ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí láàárọ̀ wà lórí àga kejì,
ó gbé ẹsẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ amóoru,
ó ń jẹ okùn ilẹ̀kùn.
Mo tún fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Wọ́n le.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò tíì dé.