Ẹyin Mẹ́ta, Ike Méjì

Kíláàsì mi ní Ìwáyà kò ní yàrá àyẹ̀wò.
Ó ní fèrèsé méjì, ọ̀kan kì í ṣí.
Ó ní ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta,
àti èéfín ẹja yíyan tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé
bí àlejò tí kò mọ̀ pé à ń kan ilẹ̀kùn.

Lánàá mo ra ẹyin mẹ́ta àti iyọ̀ àpò kan
lọ́wọ́ Ìyá Olúfadé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.
Owó oṣù kò tíì wọlé,
ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò sì lè dúró dè é.

Mo gé ọrùn ike omi méjì,
mo bu omi ẹ̀rọ sí wọn dọ́gba-dọ́gba.
"Ìkejì yìí kò ní fojú kan iyọ̀," mo ní,
"òun ni ẹlẹ́rìí wa."

"Yóò rì," ni Fọlárìn wí.
"Yóò fọ́," ni Mojírádé wí.
Ẹyin rì nínú méjèèjì. Kò fọ́.
Ó jókòó sí ìsàlẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ sígun.

Ó ku iyọ̀. Ṣíbí kan.
Ẹ fi igi ro ó, ẹ fi orí rò ó.
Ṣíbí méjì. Ẹyin ò mì.
Ṣíbí mẹ́ta. Fọlárìn ní a kàn ń fi iyọ̀ ṣòfò ni.
Ní ìkẹrin ó mira, bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun.
Ní ìkẹfà —
ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà!
Ọ̀gá àgbà yọjú, pàṣán lọ́wọ́,
ó bi wá pé ta ló kú.
"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ẹyin ló dìde."

Mo béèrè ìdí. Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀,
àfi ọ̀kan lẹ́yìn, ọwọ́ tí n kò rí rí lọ́dún yìí:
Sènàmì, ọmọ Ègùn, tí ń wa ọkọ̀ wá sílé ìwé,
tí mo ti kọ "kì í sọ̀rọ̀" sínú ìwé rẹ̀
lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní: "Bàbá mi mọ èyí.
Tí òjò bá pọ̀, ọ̀sà a tẹ́ lẹ́nu bí ọbẹ̀ aláìníyọ̀,
ọkọ̀ wa a sì rì dé ìlà pupa.
Nígbà ọyẹ́, tí omi òkun bá wọlé,
ọkọ̀ kan náà, ẹrù kan náà,
ìlà pupa a yọ síta báyìí."
Ó na ìka kan, ó dá a dùbúlẹ̀
ká lè rí bó ṣe fẹ̀ tó.
Àpá ìwọ̀ ẹja wà lára rẹ̀.

"Ta ló kun ìlà náà?"
"Èmi ni."

Mo ṣí ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi,
níbi tí mo kọ ọ́ sí pé *Olùkọ́ yóò ṣàlàyé*.
Mo fi bírò pupa fagi lé e.

Ẹyin kẹta? Mojírádé ti jókòó lé e.

Lọ́la, a ó lọ wo ọkọ̀ náà létí omi.
Mo ní kí kálukú mú rúlà wá.
Sènàmì ní òun ti ní.