Láti Igbó dé Òkè Baálẹ̀

A sanwó lẹ́nu ọ̀nà igbó,
ọ̀bọ já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ Ìbídùnní.
Ère símẹ́ǹtì na apá gbọọrọ,
ewé wẹ́wẹ́ ti hù sí i léjìká.
"Ta ní ń bá wọn fọ èyí?"
N ò mọ èsì.

Nílé àwòrán,
aṣọ aláró, aṣọ ẹlẹ́ja,
iye owó wọn nìkan ló kà.

Àfìgbà tá a gun Òkè Baálẹ̀,
tó bọ́ bàtà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ:
páànù tó ti dípẹtà lọ súà,
ojú irin bí okùn tẹ́nìkan gbàgbé síta.

Ó nàka.
"Òrùlé Màámi nìyẹn,
èyí tí wọ́n fi páànù tuntun lẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.
"Èyí, wọn ò gba tíkẹ́ẹ̀tì."