Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Ń Yọ́

Ní oṣù kẹta, ní ìhà Saskatchewan,
ilẹ̀ á jí nínú yìnyín bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀:
òkè rẹ̀ á rọ̀, inú rẹ̀ á ṣì le bí òkúta,
omi ò sì ní rí ibi tí yóò gbà lọ.
Ìgbà yẹn la máa ń gbé pátákó jáde,
tí à ń kàn án mọ́ òpó lójú ọ̀nà Zelena:
KÍ ẸRÙ DÍN KÙ.
Ohun tó bófin mu ní oṣù kìíní
ti dẹ̀ṣẹ̀ ní oṣù kẹta.
Ọkọ̀ kan náà ni, àlìkámà kan náà ni,
ilẹ̀ nìkan ló yí padà.

Èmi ni mo ń jókòó ti òṣùwọ̀n níbẹ̀,
nínú ahéré onípáànù tí ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀ ń wúkọ́.
Fífẹ̀, mítà méjì àti ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà.
Gíga, mítà mẹ́rin, díẹ̀ lé.
Mo mọ̀ wọ́n lórí ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ.
Darka Aláìláàánú ni àwọn awakọ̀ ń pè mí.
Kò dùn mí.
Ó dùn mí díẹ̀.

Bàbá mi náà wa ọkọ̀ akẹ́rù.
Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń mú wọn:
bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn abà Petryshyn kọjá lóru,
bí wọ́n ṣe ń rọra yọ táyà kan kúrò lórí irin,
bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín bo tọ́ọ̀nù méjì mọ́lẹ̀.
"Díẹ̀ náà ni," ni ó máa ń wí.
Díẹ̀díẹ̀ náà sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Afárá onípákó tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa
kò wó lọ́jọ́ tí bàbá mi gùn ún.
Ó gbà á, ó ké, ó dákẹ́.
Ọjọ́ kẹrin ló tó wó, lábẹ́ Lesia oníwàrà
tí ẹrù tirẹ̀ ò kọjá àlà rárá.
Títí dòní, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò tẹ ilẹ̀ dáadáa.
Bàbá mi ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ń la igi ìdáná fún un ní gbogbo ìgbà òtútù,
kò gbowó.
Èmi náà ò sọ.

Lónìí, Orest Hnatiuk dé,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, fìlà rẹ̀ dé etí.
Ó fi kìlógíráàmù ẹgbẹ̀ta lé ogójì kọjá.
Ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni mo gbé lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ?"
Mo ní, "Èmi ni, bàbá. Ẹgbẹ̀ta lé ogójì."
Ó ní báńkì ò ní dúró kí ilẹ̀ gbẹ.
Mo ní ilẹ̀ náà ò mọ báńkì.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Mo lè dijú.
Mo mú ṣọ́bìrì méjì.
A gun ẹ̀yìn ọkọ̀, à ń da àlìkámà sórí tapólì,
kannakánná méje bà sórí wáyà, wọ́n ń ṣírò tiwọn.
"Ọ̀nà yìí," ni ó wí, ó ń mí hẹlẹ, "ṣé bàbá rẹ ló là á ni?"
Mi ò dáhùn.
Ẹsẹ̀ Lesia ni mo ń rò.

Nígbà tó tún gun òṣùwọ̀n, ó ku mọ́kànlá.
Kìlógíráàmù mọ́kànlá: bí ajá kékeré,
bí ọmọ ọdún kan tó wọ aṣọ òtútù.
Orest wò mí títí.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́:
"Bá mi tọ́jú rẹ̀ di alẹ́."
Mo kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣáá. Ó kà á, ó ká a, ó fi sí àyà.
Ó wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọjá níwájú yàrá aláìsàn,
ọ̀dà ojú ọ̀nà rì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀,
ó sì gbéra padà.

Àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.
Ó ju mọ́kànlá lọ, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.
Mi ò gbé e sórí òṣùwọ̀n.