Owó Tó Ṣẹ́kù

Akápò Fátubí dìde ní gbọ̀ngàn Ọ̀mùò,
ó ní, "Lọ́dún yìí, owó ṣẹ́kù."
A pàtẹ́wọ́.
Omi òjò ń kán sórí ìwé rẹ̀
láti ihò páànù tí wọn ò pààrọ̀.

Lọ́dún tí bàbá mi gbin kòkó,
gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn,
ará ilé ní ó ti ya àpà.
Gbèsè yẹn ló rán mi nílé-ìwé.
Àgúnsóyè ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀;
oko rẹ̀ digbó.

Ṣùgbọ́n Àlàbá náà yáwó, ó fi ra alùpùpù.
Alùpùpù ti dípẹtà,
gbèsè ṣì ń bímọ.

Akápò, ọ̀nà tí owó gbà ni kí o kà fún wa.
Sì sún àga rẹ síwájú díẹ̀:
omi ti ń pa iye tó ṣẹ́kù rẹ́.