Ẹnu Tuntun

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò, ní Ùró n'Ìkéré,
mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Fádáhùnsi.
Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ ọ.
Ilẹ̀ ibẹ̀ ló dúdú, tó kúnná bí àtíkè,
eruku rọ́bà líle tó ń rùn bí imí-ọjọ́,
bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa.

Ọmọ odó ló ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀, fún ogún ọdún,
kó tó di ẹni tó ń gbẹ́ ẹnu fèrè.
Ó ní iṣẹ́ kan náà ni:
èyí tó bá wúwo níbi tí kò yẹ, á dá olúwa rẹ̀ lápá.
Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọn sakisofóònù. Kò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀.
Ọ̀pá dúdú kan ló rí lára ẹ̀rọ àtijọ́
tí àwọn òṣìṣẹ́ iná jù sẹ́yìn ọgbà,
ó rẹ́ ẹ, ó yí i, ó lu ihò sí i,
ó wá fi fáìlì jókòó tì í
oṣù méjì gbáko, nítorí ohun
tí kò gùn ju àtàǹpàkò mi méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu àtijọ́ mi.
Ike ni. Inú páálí ló ti bá fèrè wá láti òkè òkun.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọn ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì,
eyín mi ti gbẹ́ kòtò méjì sí i lórí.
Kò ṣe mí níbi kankan.
Àmọ́ bó bá ń kọrin, ṣe ló ń dà bí àlejò
tó kọ́ èdè wa nínú ìwé:
gbogbo ọ̀rọ̀ ló pé, kò sí èyí tó ti ilé wá.

Mo fi ọ̀rá díẹ̀ pa kọ́ọ̀kì. Mo tì í, ó kọ̀.
Mo yí i díẹ̀díẹ̀, ó wọlé.
Ríìdì ti wà lẹ́nu mi láti àárọ̀ bí orín,
mo gbé e lé e, mo dè é.
Fádáhùnsi pa ẹ̀rọ iná rẹ̀.
Àdúgbò dákẹ́ bí ìgbà tí tíṣà wọ kíláàsì.

Kò tutù bí irin, kò yọ̀ bí ike.
Ó ti móoru kí n tó rò ó.
Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ lásán. Fùùù.
Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.
Ìkejì, ohùn ìsàlẹ̀ jáde,
ó fẹ̀, ó há díẹ̀,
ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí kò tíì kí ẹnikẹ́ni.
Mo dúró lórí rẹ̀ títí èémí mi fi tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé a kì í pè é nílé. Ulé ni.
Uṣu là ń jẹ, uṣẹ́ là ń ṣe.
Pàṣán ni wọ́n fi yọ "u" yẹn lẹ́nu mi níléèwé.
Ẹ gbọ́, ẹnu dúdú yìí sọ ọ́.
Ó ní ulé, láìtijú, níwájú Olósùnta,
àpáta sì gbà á, ó sọ ọ́ padà.

Òkè ló ti ṣẹ̀.
Mo gun ohùn lọ sókè, ó yà mọ́ mi lẹ́nu, kíìì!
Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu gbórí sókè,
ó wò mí bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.
Fádáhùnsi na ọwọ́.
"Mú un wá. Ìwọ̀n irun kan ló kù lápá òsì."
Ó ti di ojú kan. Fáìlì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí fáìlì ń ṣe.
Mo yọ ẹnu náà, mo fi áńkáṣíìfù wé e,
mo ka owó sórí tábìlì, mo fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e.
Kò wo owó.
"Bí wọ́n bá bi ọ́," ó ní, "má dárúkọ mi."

Mo ti dé ìyànà
kí n tó rántí bàtà.